Àdùkẹ́, Nípa Àwọn Orúkọ Tí Mo Pè Nínú Orin

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Kò rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ọ. Mi ò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sun àwọn ọlọ́pàá. Mi ò jókòó ti ṣọ́jà kankan, mi ò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ kí n tó kí ọ, torí mo gbọ́ pé láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá Kàmọ́rù ti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú rẹ, o ò tíì jẹun bó ṣe yẹ. Màmá rẹ ló sọ fún mi. Ó ní o béèrè bóyá òótọ́ ni pé bàbá rẹ ló ta bàbá Kàmọ́rù ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ fún ìjọba ológun, o sì ní kó má jẹ́ kí n gbọ́. Má bínú sí i. Ẹrù tó wúwo tó yẹn, ẹnì kan kì í dá a rù.

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́ ọsibítù. Mo mọ̀ pé òtútù Ìlọrin ti ń mú, kí o máa da nǹkan bo àyà.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n o mọ ara wa. Ìwọ á já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, èmi náà á gbaná jẹ, a ò sì ní sọ ohun tó yẹ ká sọ. Nínú ìwé, o ò lè dá mi lóhùn. Fara balẹ̀ kà á tán.

Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ, ṣùgbọ́n irọ́ náà ní gbòǹgbò. Àwọn orúkọ kan jáde lẹ́nu mi lóòótọ́. Orin ni mo fi pè wọ́n, mo sì pè wọ́n tìfẹ́tìfẹ́.

O mọ̀ pé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé wa lẹ́bàá Awo ni ìwé mi mọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi wá sí Ẹdẹ láti kọ́ iṣẹ́ rẹ́díò títúnṣe. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, gìtá kan wà níbẹ̀ tí ẹnì kan gbé wá kí wọ́n bá a so wáyà rẹ̀, tí kò sì padà wá mọ́. Òun ni mo ń ta nígbà tí ọ̀gá bá lọ kírun. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Tí wọ́n bá ní kí n fi í sílẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń dì í mú. Bí orí mi ṣe le tó nígbà yẹn, o ti mọ̀ ọ́n, torí orí kan náà ló wà lọ́rùn rẹ.

Ìgbà náà kò dára. Àwọn ológun ti gba ìjọba, wọ́n ní kí gbogbo ìlú sán ìgbànú. Ọṣẹ, mílíìkì, ìyẹ̀fun, ìlà ni a máa ń tò fún wọn, ẹni tó bá yẹ̀ kúrò lórí ìlà, ṣọ́jà á ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú ọmọ rẹ̀. Owó oṣù àwọn tíṣà kò jáde. Wọ́n ti ti iléèwé gíga pa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá kún ìlú, wọn ò ríṣẹ́ ṣe. Okùn gìtá kò sí ní ọjà mọ́. Tí tèmi bá já, wáyà bíréèkì alùpùpù ni mo máa ń tú, mo á yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀, mo á fi rọ́pò. Ó máa ń gé ìka. Àpá tí o máa ń béèrè lọ́wọ́ mi nígbà tí o wà ní kékeré, tí mo ní ọ̀bẹ ni, wáyà bíréèkì ni.

Nítòsí Ọjà Tìmì, ilé alájà kan wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tí o bá dúró sí títì, o ò ní mọ̀ pé iyàrá wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dìgbà tí o bá gba ẹ̀yìn ilé sọ̀kalẹ̀. Kòkó ni wọ́n ń kó síbẹ̀ láyé àtijọ́, òórùn rẹ̀ ò sì tíì kúrò. Ibẹ̀ la sọ ní Ìsàlẹ̀. Tíṣà kan tí bàbá rẹ̀ ló nilé ló ṣí i fún wa. Tíṣà nìkan la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ní ẹni tí kò bá rí oúnjẹ jẹ gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan sọ. Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn kan á ka ewì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe eré pé àwọn ni ọ̀gágun àti ìyàwó rẹ̀, a ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Èmi àti Dàpọ̀ tó ń ta gìtá béèsì á wá kọrin. Músíbáù ló kun ògiri ibẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Músíbáù ni bàbá Kàmọ́rù. Àátíìsì ni, òun ló ń kọ nǹkan sára pátákó àti ara ọkọ̀ akẹ́rù fún gbogbo agbègbè wa. Ọ̀rẹ́ mi ni. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìsinsìnyí. Tí mo bá sùn sí ilé wọn, ìyá rẹ̀ á pe èmi àti òun jí papọ̀ fún sààrì nínú Ramadáánì, wọn ò béèrè bóyá onígbàgbọ́ ni mí. Mo máa ń jẹ sààrì, mo sì tún máa ń jẹun ọ̀sán. Músíbáù ní Ọlọ́run ò tíì dá irú Mùsùlùmí bíi tèmi rí.

Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń fi orin náà pa mọ́, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ Ìsàlẹ̀ ni Ìyá Ẹlẹ́rọ ti ń lọ ata. Ariwo ẹ̀rọ wọn ni a máa ń sá sí abẹ́ rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ti ń lọ, a ó kọrin. Tí wọ́n bá pa á, a ó dákẹ́ ní ojú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ọ̀rọ̀ la wà. A máa ń tún gìtá wa ṣe kó bá ìró ẹ̀rọ náà mu. Nígbà tí ata bá tán, tí àwọn oníbàárà ti lọ, Ìyá Ẹlẹ́rọ á tún jẹ́ kí ẹ̀rọ máa lọ lásán díẹ̀, nígbà tí epo díísù wọ́n bí ojú. Wọn ò fìgbà kan sọ fún wa pé nítorí wa ni. Wọ́n kàn máa ń sọ pé ẹ̀rọ náà ń ṣe orí kunkun.

Òfin kan ni Tíṣà fún wa. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú orin. Kò yé mi. Ìwọ náà mọ bí orin wa ṣe rí. Olórin tó rí ènìyàn níwájú tí kò kì í, tí kò pe orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ti rí i fín. Àwọn tó ń wá sí Ìsàlẹ̀ kò ní kọ́bọ̀ tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí n pe orúkọ wọn. Lọ́jọ́ tí ebi ń pa ènìyàn, tí ṣọ́jà ti fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀, tó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lójú gìtá, ó máa ń na ẹ̀yìn. Mo máa ń rí i. Síbẹ̀ mo pa òfin mọ́, mo ń bú Tíṣà nínú.

Ó wá di Sátidé kan, ìyàwó Músíbáù bí ọmọ àkọ́kọ́. Ọkùnrin. Ó sáré wá sí Ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà lára, kò tíì wẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó gbé ọmọ. Gbogbo iyàrá rẹ́rìn-ín. Mo ń kọ orin tí mo fi ń bá ìjọba wí lọ́wọ́, èyí tí mo ti ní wọ́n ní ká sán ìgbànú, ìgbànú ti kan eegun ẹ̀yìn. Ó wò mí.

Ó ní, "Gbádé, ṣé bó o ṣe máa wò mí nìyẹn? Mo di bàbá o."

Àdùkẹ́, kí ni kí n ṣe? Mo kì í. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo pe bàbá rẹ̀, mo ní Músíbáù tó jókòó sí ìdí pátákó lójú ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà, tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń sọ ohun tí ẹnu ń bẹ̀rù. Ó bú sẹ́kún. Nígbà tí mo sì ti ki ẹnì kan, báwo ni mo ṣe máa wo àwọn yòókù? Bí a bá ki ọ̀kan tí a fo èkejì, ìjà ni. Mo bá pe gbogbo wọn. Mo pe Dàpọ̀, mo pe Tíṣà gan-an. Tíṣà ń mi orí sí mi pé rárá, mo rò pé inú wọn ló ń dùn. Orúkọ kan ṣoṣo tí n kò pè ni tèmi, torí wọ́n kọ́ wa lábúlé pé ènìyàn kì í ki ara rẹ̀.

Dàpọ̀ ti tẹ rẹ́díò oníkásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń gba orin náà sílẹ̀. Ó fẹ́ kí Músíbáù fi gbọ́ nílé. Músíbáù yá ẹnì kan, onítọ̀hún fún ẹni tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ ní ọjà. Kó tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n ti ń fi orin mi pe èrò sínú ọkọ̀ ní gáréèjì. Inú mi dùn. Mo ń lọ dúró níbẹ̀ kí n lè gbọ́ ara mi.

Àwọn ṣọ́jà náà ń gba gáréèjì kọjá.

Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ọ̀nà. Orin ti júwe rẹ̀. Wọ́n bá Músíbáù nídìí pátákó rẹ̀ lójú ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà, wọ́n gbé e. Wọ́n gbé Dàpọ̀ náà. Tíṣà ti sá. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, bàbá ọmọ wà ní àtìmọ́lé, bàbá bàbá ló dúró sọ ọ́ ní Kàmọ́rù. Nítorí náà, tí o bá rí i pé ẹ̀gbọ́n Músíbáù ń fajú ro sí ọ, má rò pé ìwà burúkú ni. Wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò sí nítòsí.

Mo sáré lọ bá Ìyá Ẹlẹ́rọ, mo ní mò ń lọ bá àwọn ṣọ́jà, mo máa sọ pé èmi ni mo kọrin. Ìyá Ẹlẹ́rọ gbá mi létí.

Wọ́n ní, "Ẹnu ẹ yìí, ṣé Ọlọ́run gbàgbé láti fi ìdérí sí i ni? Àná o sọ̀rọ̀, wọ́n kó èèyàn. Òní o tún fẹ́ lọ sọ̀rọ̀."

Wọ́n tì mí sínú ọkọ̀ Awo. Mo wà lóko àbúrò bàbá mi títí Dàpọ̀ fi jáde tó wá bá mi níbẹ̀. Òun ló ròyìn fún mi. Ó ní wọ́n ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà lójú Músíbáù, wọ́n ń bi í pé ta ló ń kọrin. Ó ní wọ́n mú un fò bí ọ̀pọ̀lọ́ títí orúnkún rẹ̀ fi wú. Músíbáù sì ń sọ pé, "Ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì ni mo gbọ́. Mi ò mọ ojú tó ni ohùn."

Èmi tí mo ti jẹ sààrì nílé wọn.

Wọ́n fi í sílẹ̀ níkẹyìn. Kò sẹ́ni tó tún fún un ní pátákó ìjọba kọ mọ́, ó sì fi Ẹdẹ sílẹ̀ lọ sí Sẹ̀kọ̀nà títí di òní. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n rò ó wò, wọ́n ní gbogbo orúkọ ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì àfi ti Gbádé, gbogbo wọn ni wọ́n wá, àfi Gbádé. Wọ́n ní ṣé kò yé wa ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ohun tí wọ́n sọ fún ọ nìyẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni tèmi mú ọ̀ràn bá.

Mo gbé gìtá padà fún ọ̀gá mi. Mi ò ta á mọ́. Ìwọ rò pé mi ò fẹ́ràn orin ni.

Ìmọ̀ràn mi nìyí, gba èyí tó bá wúlò fún ọ.

Àkọ́kọ́, má ṣe fi orúkọ ẹni tí o fẹ́ràn síbi tí o kò mọ ẹni tó ń tẹ́tí. Inú rẹ á dùn sí ọkọ rẹ, wàá fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ayé. Yìn ín fún un létí. Ó tó.

Èkejì, tí ẹni tó dàgbà jù ọ́ bá fún ọ ní òfin tí kò yé ọ, béèrè ìdí rẹ̀. Mi ò béèrè lọ́wọ́ Tíṣà. Mo rò pé agídí ni kí ènìyàn máa bú òfin nínú. Agídí tó dára ni kí o sọ ọ́ síta pé, ẹ jọ̀ọ́, kò yé mi. Ká ní mo béèrè, wọn ì bá ti sọ fún mi.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù. Tí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín ìwọ àti ẹnikẹ́ni, má jẹ́ kó sùn títí yóò fi hu irun. Èmi àti Músíbáù ń pàdé ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ní ìnáwó òkú, ní ọjà, nínú ọkọ̀. Ó ń kí mi, mo ń kí i. Ó máa ń béèrè nípa màmá rẹ. A ò mẹ́nu ba kásẹ́ẹ̀tì rí. Mo ń sọ fún ara mi pé tó bá ń bínú, kò ní kí mi. Lẹ́yìn náà mo á ní, ṣé kíkí yìí kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn fi ń lé ènìyàn sẹ́yìn? Ọmọ mi, ìbínú tó ń kígbe kò ṣòro gbé. Èyí tó ń sọ pé ẹ káàárọ̀ ni mò ń bẹ̀rù.

Má sì bá mi bẹ bàbá ọkọ rẹ. Mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ ṣe é, wàá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Má ṣe é. Ìyàwó tó fi ẹ̀bẹ̀ wọ ilé, ẹ̀bẹ̀ ni yóò máa bẹ̀ níbẹ̀. Kúnlẹ̀ kí i bí ìyàwó ṣe ń kí bàbá ọkọ. Gbèsè yìí kì í ṣe tìrẹ.

Nípa Kàmọ́rù, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo wò ó nígbà tó wá. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì ń jẹun dáadáa. Ó fi ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú ife. Ẹ̀rù bà mí, mo dìde, mo lọ ṣe bí ẹni pé mò ń wá nǹkan ní yàrá. Ọmọ tí wọ́n bí sínú orin mi wá jókòó sí pálọ̀ mi, ó ń pè mí ní Bàbá. Ó hàn sí mi pé kò mọ nǹkan kan. Músíbáù kò sọ fún un. Àbí ó ń dúró dè mí ni?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí Sẹ̀kọ̀nà. Mi ò sọ fún màmá rẹ. Mo dúró ní òdì kejì títì, mo rí i lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ń kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀ kan, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara ọkọ̀ náà. Ojú rẹ̀ ti ń dùn ún. Mo ní tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ yìí bá kọjá, mo máa sọdá. Ó kọjá. Mo ní èyí tó tẹ̀ lé e. Níkẹyìn mo ra búrẹ́dì, mo wọ ọkọ̀, mo padà sílé. Àgbàlagbà bíi tèmi. Má rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n mọ̀ mí n mọ̀ ọ́ yín ti dé tán. Mi ò lè jókòó kojú Músíbáù kí alága máa dá àpárá, ká máa pa pọ̀ rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ yìí wà nísàlẹ̀ tábìlì. Nítorí náà, Sátidé tó ń bọ̀ ni mo ń lọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti sọ fún màmá rẹ, mi ò lè yẹ̀ ẹ́ mọ́. Màmá rẹ ní òun á bá mi lọ, mo ní rárá. Mo máa jókòó, mo máa sọ fún Músíbáù pé èmi ni, mo máa dákẹ́, màá gbọ́ ohun tó bá fẹ́ sọ. Mi ò ní sọ fún un pé kó dárí jì mí nítorí ẹ̀yin ọmọ. Ìyẹn á dà bí ẹni tó fi ọmọ ṣe apata.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé ó lè ní òun kò fẹ́. Ó lè ní ọmọ Gbádé kò ní wọ ilé òun. Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Tó bá sọ ọ́, èmi ni mo ba tìrẹ jẹ́ kí wọ́n tó bí ọ, mi ò sì mọ ohun tí mo máa sọ fún ọ. Mo lè dákẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kọjá láìsí ariwo. Ìwọ náà ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá Kàmọ́rù kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ kó wá máa yọ́ wọ inú ẹbí rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí màmá rẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, mo ń ka àwọn tó dúró tì mí. Mo ka màmá rẹ, tó gbọ́ àhesọ náà kí a tó fẹ́ra tó sì fẹ́ mi. Mo ka Dàpọ̀, tó wá bá mi lóko kó tó dé ilé ìyá tirẹ̀. Mo ka àbúrò bàbá mi. Mo ka Ìyá Ẹlẹ́rọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ka Músíbáù, ṣùgbọ́n ó di Sátidé kí n tó mọ̀ bóyá mo ṣì ní ẹ̀tọ́ láti kà á.

Lẹ́yìn náà ó kàn ọ́. Mi ò kà ọ́, mi ò sì ka ẹlòmíràn mọ́. Mi ò fẹ́ kí o dúró tì mí kìkì nítorí pé èmi ni mo bí ọ. O ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi báyìí. Jókòó, rò ó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gbádé.